Ohun Tí Wọ́n Sọ Lẹ́yìn Igi Àràbà

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn kò parí. Ẹni tó sọ fún mi ní òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan lójú ọ̀nà odò, ẹni yẹn ní ìyá òun ló... ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó délẹ̀ tó fi ní òun fẹ́ lọ ká aṣọ tí òun sá. Wọ́n ní ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú Igbó Ìpìlẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn baba wa fi ọba àkọ́kọ́ jẹ, wọn ò kàn gbé agbára fún un lásán, wọ́n ní wọ́n sọ fún un pé bí o bá... bí o bá wá ń ṣe é bó ti wù ọ́, a ó... Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti máa ń dákẹ́. Wọ́n á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.”

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, nítorí ohùn mi ti wálẹ̀, n kò sì ní sọ eléyìí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ìlú Àjọsọ. Ẹ lè rí mi báyìí kẹ́ ẹ máa rò pé arúgbó kan tó ń wá ibi tí oòrùn wà ni, ṣùgbọ́n ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún ló ti ọwọ́ yìí kú. Ẹkùn kan fò mọ́ mi lọ́jọ́ kan, mo dì í létí mú, àwa méjèèjì yí gbirigbiri nínú ẹrẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú mi. Mo bi í pé ṣé kí á tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wá fọwọ́ kan èjìká mi òsì, kó ka ojú àpá tó wà níbẹ̀.

Ní Àjọsọ nígbà náà, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé lọ́dọọdún, àwọn ẹmẹsẹ̀ ọba á mú ọkùnrin kan, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lọ sí oko ọba ní òdìkejì odò. Ẹni tó bá lọ kì í padà. A kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí wọ́n bá ti mú ẹnì kan, ara á tu ìlú títí di ọdún tó ń bọ̀; a ó máa kí ara wa kú ewu, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ewu wo. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àbúrò mi Ògúndípẹ̀, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, dìde níwájú ààfin lọ́sàn-án gangan, ó ní, “Ta ló fún ọba láṣẹ?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sọ ọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó yẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́ òpó ààfin, wọ́n ní òun ni ọkọ̀ máa gbé lọ́dún yìí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọba. Ẹ má rò pé òǹrorò tó ń yọ ojú kòǹgbà ni o. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn ẹ̀pà sísun. Ó ń bó ẹ̀pà náà bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, ìbéèrè àbúrò rẹ dára. Bí mo ṣe bá àṣà yìí nìyí, bí bàbá mi náà ṣe bá a nìyẹn. Mo ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé ìdajì ọ̀rọ̀ kù nínú igbó. Lọ mú un wá. Bí àwọn baba yín bá fi àyè sílẹ̀ láti gba ohun tí wọ́n fún wa padà, màá tú u sílẹ̀. Mo fún ọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

Mo yà sọ́dọ̀ Ògúndípẹ̀ nídìí òpó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n so, ẹ̀yin lẹ ń gbọ̀n. Ẹ máa lọ, jàre. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú itan àgbọ̀nrín kan dání, oúnjẹ ààfin yìí kò níyọ̀.”

N kò ní fi ojú ọ̀nà da yín láàmú, bí mo ṣe jẹun àti bí mo ṣe tẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ kẹta mo já sí ibì kan tí àwọn igi ti jìnnà síra wọn. Ẹ̀dá kan wà lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀yìn tì í, àdá wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n kankan. Ojú mẹ́ta ni wọ́n ní, ẹ̀kẹta wà ní ìpàkọ́. Wọ́n ń fẹ̀yìn ti igi kí ìyẹn lè sinmi díẹ̀. Àwọn Kálukú nìyẹn. Iṣu wọn ti ta débi pé ó la ilẹ̀, ó ń jẹrà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ wà á, nítorí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wa iṣu, àwọn yòókù á bẹ́ ẹ lórí. Èyí tó sún mọ́ mi jù gbé àdá sókè.

“Ọlọ́jú méjì, dúró! Dá mi lóhùn kí n tó gé ọ. Mo ní ilé, n kò wọ̀ ọ́ rí. Mo ní iṣu, n kò tọ́ ọ wò rí. Mo ní ọmọ, n kò gbé e rí. Kí ni mí?”

Mo ní, “Òkú ni ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Òkú ń sùn, òmùgọ̀! Èmi kò sùn rí. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò jọba lé lórí ni mí. Èmi ni ọ̀gá ara mi.”

“Àwọn tó yí ọ ká yìí ńkọ́?”

“Ọ̀gá ara wọn ni àwọn náà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pàdé, kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́ pé kí olúkúlùkù gbé àdá sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè wa iṣu yín?”

“Ta ni yóò kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀? Ìwọ tí o fi ìbọn sáyà yẹn?”

Mo wo ìbọn mi. N kò gbé e sílẹ̀. Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá lè ṣọ́ òun kí òun sùn, títí òjìji igi náà yóò fi kan òkúta kan báyìí, òun yóò júwe ọ̀nà ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà fún mi. Mo ní kó sùn ná, bó bá jí kó júwe. Ó ní rárá, òun yóò kọ́kọ́ júwe; ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn, òun fẹ́ dán an wò. Ó júwe rẹ̀ kínníkínní. Ojú iwájú méjèèjì dì, ti ìpàkọ́ dì kẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun bí ọmọ ọwọ́ tó ní ọ̀fìnkìn. Òjìji kò tíì rìn tó ẹsẹ̀ méjì tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, ẹni márùn-ún. Ìbọn mi kún, ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lókè ìrókò kò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. Bí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ì bá sá. Mo gun igi.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí lójú oorun, kò tilẹ̀ ké. Bí wọ́n sì ti fẹ́ pín iṣu rẹ̀ ni wọ́n kọjú àdá síra wọn. Inú rògbòdìyàn yẹn ni mo ti bọ́ sílẹ̀ tí mo sáré. Ọ̀kan ju àdá tẹ̀ lé mi, ó gé okùn àpò mi, ẹ̀tù mi dà sílẹ̀. Irú eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, ìgalà tó rí mi yà fún mi lọ́nà.

Lọ́jọ́ kẹrin mo bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Wọn kò ga ju orúnkún mi lọ, irun wọn rọ̀, wọn kò ní ilẹ̀kùn, wọn kò ní orúkọ. Mo bi wọ́n ní orúkọ, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n kó àgbálùmọ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n tó sọ pé ebi ń pa mí. Ọ̀kan nínú wọn tí irun orí rẹ̀ ti funfun jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń fi irùngbọ̀n mi ṣeré. Mo ní, “Bàbá, ta ló ni igi tí ẹ ti ká èso yìí?” Ó wò mí. “Igi ni. Ó wà níbẹ̀. Kí ló tún kù?” Mo jókòó láàrin wọn, ọkàn mi sì sọ fún mi pé bóyá a kò burú láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ó ní ibi tí a ti ṣìnà, àti pé tí mo bá délé màá sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Mo fi ẹ̀tù tó kù nínú ìbọn mi pa ẹtu kan nítòsí ibẹ̀, mo yan án, mo jẹ díẹ̀, mo gbé èyí tó kù kọ́ sórí ẹ̀ka kan kí n lè mú un tí mo bá ń bọ̀. Mo wá ṣe ohun tí ọdẹ tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń ṣe, ohun tí ọwọ́ mi ti ń ṣe láti kékeré láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Mo já màrìwò, mo fi so ìkarahun ìgbín àti àkísà kan mọ́ ara igi. Àalè ni mo pa. Àwọn kékeré yẹn pé lé mi lórí, wọ́n ní kí nìyí. Mo ní, “Ó túmọ̀ sí pé tèmi ni ohun tó wà lókè yìí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, nǹkan burúkú yóò ṣe é.” Wọ́n yí igi náà ká. Wọ́n ń fọwọ́ kan àkísà náà, wọ́n á tún tètè fà á sẹ́yìn. Mo rò pé ó yà wọ́n lẹ́nu ni. Mo bá tèmi lọ.

Ìdí àràbà kan tó gba ojú ọ̀run ni ọ̀nà náà parí sí. Ibẹ̀ ni Etí wà. Kò ní ojú, kò ní ẹnu, etí méjì péré ni gbogbo ara rẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ ju ewé kókò ogún tí wọ́n rán pọ̀, ohùn sì ń ti inú rẹ̀ jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Mo kí i. Ó ní, “Èmi kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo ń dá padà. Bí o bá fẹ́ gba ọ̀kan, fún mi ní ọ̀kan tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Mo fún un ní ìtàn ẹkùn. Ó ní, “Èyí ti ṣá. Ẹyẹ ìbákà pàápàá ti mọ̀ ọ́n.” Mo sọ ti ẹfọ̀n kan fún un. Kò gbà á. Nígbà tó yá mo sọ ti Kálukú tó sùn, mo sọ pé ìbọn mi kún. Mo sọ pé kì í ṣe pé n kò lè ṣe é.

“Ó tó,” ló wí. “Kí lo fẹ́ gbọ́?”

Mo ní, “Májẹ̀mú tí àwọn baba wa bá ọba àkọ́kọ́ dá.”

Ó ní, “Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn Kálukú ni wọ́n ti sá wá. Oorun ni wọ́n ń wá kiri. Ọ̀kan nínú wọn lágbára ju gbogbo wọn lọ. Níwájú igi níhìn-ín, wọ́n jọ pariwo púpọ̀, wọ́n kí ara wọn, wọ́n jó. N kò rí ọ̀rọ̀ kankan mú nínú ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ bá alágbára yẹn lẹ́yìn igi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ń sọ̀rọ̀ sí i létí, tó rò pé òun nìkan ló rò ó. Gbọ́.”

Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́: “Mú ẹni tó bá wù ọ́, má ṣáà ti mú èmi.” Ohùn obìnrin kan tẹ̀ lé e, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀: “Mú ẹni tó bá wù ọ́, má ṣáà ti mú èmi.” Arúgbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹnì kan tó ń kólòlò, tó pẹ́ lórí “má” kó tó lè kọjá. Ogójì ohùn. Mo jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tán, mo ní, “Èyí tó kù dà? Wọ́n ní ìdajì kù.”

“Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.”

“Kò sẹ́ni tó sọ pé bí ó bá ṣìwà hù a ó gba tiwa padà? Kò sẹ́nì kan?”

“Wọn ì bá ní láti sọ ìyẹn lójú ara wọn,” ni Etí wí.

Bí mo ti ń bọ̀, mo gba ọ̀dọ̀ àwọn kékeré yẹn kọjá. Àalè wà lára gbogbo igi. Àalè wà lára òkúta, ó wà létí odò, ìyá kan so ó mọ́ ọrùn ọmọ rẹ̀. Ẹran mi kò sí mọ́, òkú méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀ka náà. Bàbá onírun funfun wọ́ wá bá mi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀. Ó ní, “Àlejò, èwo lẹ máa ń so láti fi parí rẹ̀?” Mo já èyí tí mo kọ́kọ́ so, mo jù ú sínú odò, ẹlòmíràn ti so tirẹ̀ síbẹ̀ kí n tó yí padà. Ni bàbá náà bá di aṣọ mi mú, ó ní kí n dúró kí n máa jọba lé wọn, ó sì ń na ẹnu sí etí mi láti bá mi sọ̀rọ̀ kan ní ìkọ̀kọ̀. Èmi tí n kò sá fún ẹkùn, mo sá fún un. N kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ ọ́n.

Ojú ọ̀nà ni mo ti ro irọ́ mi. Mo ní ohun tí mo gbọ́ yìí, kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Kí n mú èyí tí wọ́n ń fẹ́ lọ fún wọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìlú pé síwájú ààfin pitimu, Ògúndípẹ̀ wà nídìí òpó, mo dúró, mo gbóhùn sókè: “Ohun tí wọ́n sọ nìyí! Wọ́n ní: A fi agbára wa sí ọ lọ́wọ́ kí o máa ṣọ́ wa. Ọjọ́ tí o bá ń pa wá jẹ, a ó gba ohun wa padà!” Áà, ẹ ì bá gbọ́ ariwo! Wọ́n gbé mi sókè. Jagùn, olórí ológun wa, ń sunkún. Ìyá Amọ̀kòkò, tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, bọ́ gèlè rẹ̀, ó ń jù ú sókè.

Ọba jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀. Ó ní, “Ó dára. Ẹ wá gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ariwo gbà á, n kò ní mọ ẹni tó gbà á. Ẹ wọlé wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ fún mi pé: Mo gba tèmi padà. Bí ogún ènìyàn bá sọ ọ́, kí Ògúndípẹ̀ máa lọ ilé rẹ̀, èmi náà á sì kúrò lórí oyè.”

Jagùn kọ́kọ́ wọlé. Ó jáde, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, “Mo ti sọ ọ́!” Wọ́n hó. Ìyá Amọ̀kòkò wọlé, ó jáde. “Mo ti sọ ọ́!” Báyìí ni wọ́n ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnikẹ́ni, Ògúndípẹ̀ sì ń kà wọ́n nídìí òpó bí ọmọdé tó ń ka eyín. “Ẹ̀gbọ́n, ó ti kọjá ogún! Ẹ̀gbọ́n, ó ti di ọgọ́ta!” Èmi ni mo wọlé kẹ́yìn.

Ọba jókòó sórí àga, èèpo ẹ̀pà kún iwájú rẹ̀. “Ọdẹ́jìnmí, mélòó lo rò pé wọ́n jẹ́?”

“Kábíyèsí, wọ́n lé ní ọgọ́ta.”

“Kò sí ẹyọ kan.” Ó nu ọwọ́. “Ohun tí wọ́n sọ fún baba ńlá mi lẹ́yìn àràbà, bàbá mi sọ ọ́ fún mi kó tó kú. Ohun kan náà ni àwọn yìí ń wá sọ fún mi láti òwúrọ̀.”

Mo ní, “Ẹ ti mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí ẹ tún fi rán mi?”

“Mo rò pé bóyá bàbá mi ṣì í gbọ́ ni.” Ó fi ẹsẹ̀ gbá èèpo ẹ̀pà náà jọ. “Níta, ogún ni mo pè. Nínú yàrá yìí, mo gba ẹyọ kan. Sọ ọ́, kí àbúrò rẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba tirẹ̀ padà kò sí lábẹ́ ìṣọ́ mi mọ́, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ lófo. Ìwọ ni yóò gbé.”

Mo la ẹnu mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo jáde, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní mo ti sọ ọ́, wọ́n sì hó fún mi ju gbogbo wọn lọ.

Ọba tẹ̀ lé mi jáde, ó ní, “Kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan padà.” Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè. Wọ́n ń lọ sílé díẹ̀díẹ̀. Ìyá Amọ̀kòkò bẹ̀rẹ̀, ó mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀. Mo tẹ̀ lé àwọn ẹmẹsẹ̀ dé etí odò. Wọ́n ti gbé Ògúndípẹ̀ sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà ní dídè sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń wá ojú mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ má sunkún. Mo mọ̀ pé ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù ló purọ́. Ẹ ṣáà sọ fún mi, kí n lè máa rántí rẹ̀ lọ́hùn-ún: kí ni ẹ sọ fún ọba?”

Mo ti purọ́ fún odindi ìlú lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi kọ̀, kò fún mi ní irọ́ kankan mọ́. Wọ́n ti ń ti ọkọ̀ sómi. Mo ní, “Ògúndípẹ̀, ohun tí mo sọ nìyí. Mo ní: Kábíyèsí, ẹ mú ẹni tó bá wù yín, ẹ má ṣáà ti mú èmi.”